Gbígbin Ejìnrìn sí Ẹ̀yìnkùlé àti Lílò Ó Bó Ṣe Yẹ

Ní Òṣogbo, kò sí àdúgbò tí ejìnrìn kò sí. Ó ń gun ògiri ilé tí wọn kò kọ́ parí, ó ń lọ́ mọ́ wáyà ọgbà, ó sì ń bo etí ààtàn láti Òkè Báálẹ̀ títí dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní kété tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Nítorí pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tí a ń já lásán ni, kì í ṣe ohun tí a ń gbìn. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo rí ọkùnrin kan tó gbé ẹ̀rọ ìfọ́nko kọ́ ẹ̀yìn, tó ń fọ́n oògùn apakoríko sí ìdí ọgbà kan nítòsí ilé wa. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, obìnrin kan dúró síbẹ̀ kan náà, ó pọn ọmọ, ó ń já ewé ejìnrìn sínú abọ́. Ewé náà ṣì dúdú mìnìjọ̀, nítorí pé oògùn náà kì í pa ewé lójú ẹsẹ̀. Mo lọ bá a, mo sọ ohun tí mo rí láàárọ̀ fún un, ó sì da gbogbo ewé náà nù. Ó wá bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, níbo ni ẹ fẹ́ kí n ti já a?” N kò ní èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ni èsì tí mo ní báyìí, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbin ejìnrìn tèmi.

Dídá ewé náà mọ̀

Ejìnrìn, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Momordica charantia, jẹ́ ìtàkùn láti inú ẹbí ẹ̀gúsí, elégédé àti bàrà. Ara ìtàkùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní àwọn ọwọ́ wẹ́wẹ́ tó máa ń ká kókó mọ́ ohunkóhun tí wọ́n bá ti kàn. Ewé rẹ̀ là sí ọ̀nà 5 tàbí 7 bí àtẹ́lẹwọ́ tí a ya ìka rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, etí rẹ̀ sì rí bí ohun tí a fi eyín gé. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ó sì ní awẹ́ márùn-ún. Èso rẹ̀ ṣóńṣó ní orí àti ní ìdí, ara rẹ̀ sì rí gbágungbàgun bí ẹ̀yìn ọ̀nì. Bí ó bá pọ́n, yóò di àwọ̀ ọsàn, yóò là sí mẹ́ta fúnra rẹ̀ láti ìdí wá, awẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò sì yí sẹ́yìn kí ohun pupa fòò tó bo àwọn hóró inú rẹ̀ lè hàn síta. Ẹyẹ tó bá rí pupa yẹn kò ní kọjá lọ, òun náà sì ni yóò gbé hóró náà lọ sí ìdí ọgbà ẹlòmíràn.

Ẹni tí kò bá dá a lójú kí ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ rẹ́ ewé kan. Òórùn ejìnrìn kò jọ ti ewé mìíràn nínú ẹbí rẹ̀: ó wúwo, ó sì máa ń dúró lọ́wọ́ títí ènìyàn yóò fi fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ó ní àbúrò kan tó jọ ọ́ gan-an, èyí tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Momordica balsamina, tí èso tirẹ̀ kúrú, tí ara rẹ̀ sì dán ju ti ejìnrìn wa lọ. Àwọn tó ń ta ewé kì í fi bẹ́ẹ̀ ya méjèèjì sọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n ń gbìn fún oúnjẹ ní Íńdíà àti Ṣáínà, tí èso rẹ̀ lè gùn ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, kì í ṣe ewéko mìíràn. Ejìnrìn náà ni, ọwọ́ àgbẹ̀ ló sọ èso rẹ̀ di ńlá láti ìran dé ìran. Èso tiwa kì í sábà gùn ju ìka ọwọ́ lọ.

Ohun tí àwọn ìyá wa ń fi í ṣe

Lílò tó wọ́pọ̀ jù ni fífi wẹ ọmọ. Bí ooru bá sú sí ọmọ lára ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún, tàbí tí èéyi ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tí ara sì ń yún un, ìyá mi máa ń bu omi tútù sínú abọ́, á da ewé tó ti ṣàn mọ́ sínú rẹ̀, á sì jókòó sórí àpótí láti gbo ó. Kì í gún un, kì í sì í lọ̀ ọ́. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ló fi ń fún un, tí yóò máa yí i, tí yóò máa tẹ̀ ẹ́, títí omi náà yóò fi dúdú bí ewé, tí yóò sì máa hó díẹ̀díẹ̀ létí abọ́. Inú gbígbo yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà “àgbo” ti wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń pè ní àgbo lónìí, inú ìkòkò ni a ti ń sè é. Lẹ́yìn gbígbo, ìyá mi á sẹ́ ẹ, á fi kànìnkànìn rírọ̀ pa ọmọ lára, á sì jẹ́ kí omi náà gbẹ sí i lára díẹ̀ kí ó tó fi omi lásán ṣàn án. Àwọn àgbàlagbà tí ara ń yún, tàbí tí kúrúnà àti làpálàpá ń bá jà, máa ń gún ewé rẹ̀ mọ́ ọṣẹ dúdú.

Wọ́n tún ń sè é mu fún ibà, fún aràn, fún inú rírun àti fún jẹ̀díjẹ̀dí. Láti bí ìgbà tí àtọ̀gbẹ ti wọ́pọ̀ láàárín wa, orúkọ ejìnrìn ti lékè nídìí àrùn yẹn ju gbogbo èyí tó kù lọ. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ní Ọjà Ọba, tí ẹ sì sọ pé ìtọ̀ súgà ló ń ṣe bàbá yín, ó ṣòro kí wọ́n tó dárúkọ ewé mẹ́ta tí ejìnrìn kò ní sí nínú rẹ̀.

Kì í ṣe irọ́ ni wọ́n ń pa. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí àwọn èròjà bíi charantin àti polypeptide-p nínú ejìnrìn, èyí tó lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orílẹ̀-èdè Thailand ní 2011 fi èso ejìnrìn gbígbẹ wé metformin, oògùn àtọ̀gbẹ kan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn tó lo ejìnrìn 2,000 mílígíráàmù lójúmọ́ rí àyípadà, ṣùgbọ́n ó kéré sí ti àwọn tó lo metformin 1,000 mílígíráàmù. Ní 2012, àwọn olùṣàyẹ̀wò Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń yẹ àwọn ìwádìí ìṣègùn wò, kó àwọn ìwádìí tó wà nílẹ̀ jọ, wọ́n sì sọ pé ẹ̀rí náà kò tíì tó láti fi ejìnrìn ṣe ìtọ́jú àtọ̀gbẹ. Ohun tí èmi rí fà yọ nínú èyí ni pé ewé náà lágbára tó láti ṣe ènìyàn ní nǹkan, kò sì lágbára tó láti rọ́pò oògùn. Àárín méjèèjì yẹn ni ewu wà.

Níbi tí ó ti lè ṣe jàǹbá

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, nítorí ohun tí ojú mi rí. Bàbá mi ní àtọ̀gbẹ, ó sì ń lo oògùn tí dókítà kọ fún un, oògùn kékeré kan tí wọ́n ń pè ní glibenclamide, kí ó tó jẹun àárọ̀. Ìbátan wa kan tó fẹ́ràn rẹ̀ dénúdénú sè ejìnrìn wá sínú ìgò ńlá kan, ó sì ní kí ó máa mu ife kan lójoojúmọ́ kí ó tó fi nǹkan kan sẹ́nu. Bàbá mi mu ún, ó tún lo oògùn rẹ̀ bí ó ṣe máa ń lò ó, ó wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí mo dé bá a ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, òógùn ti rin aṣọ rẹ̀ gbindin bí ẹni tí òjò pa, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, mo sì pè é ní orúkọ oríkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kò dáhùn. Aládùúgbò wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ní kí a tètè po ṣúgà sínú omi níwọ̀n ìgbà tó ṣì lè gbé e mì. A fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ sì là kí mọ́tò tó dé láti gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àgbo kò burú, oògùn náà kò sì burú. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe, wọ́n sì pàdé nínú ara ẹnì kan ṣoṣo tí kò tíì jẹun.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin kò gbọ́dọ̀ mu ejìnrìn láìjẹ́ kí dókítà rẹ̀ mọ̀, bí ó bá sì ti ń mu ún tẹ́lẹ̀, kí ó sọ ọ́ jáde láìtijú. Ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí ó dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán ṣáájú ọjọ́ náà. Òógùn tútù, gbígbọ̀n ọwọ́, ebi òjijì, òòyì àti ọ̀rọ̀ tí kò já gaara ni àmì pé ṣúgà ti wálẹ̀ jù. Ohun dídùn ni ẹ máa kọ́kọ́ fún ẹni tó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, kí ẹ tó wá ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ẹni tí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má ṣe da nǹkan kan sí i lẹ́nu.

Aboyún kò gbọ́dọ̀ mu ún rárá, yálà ewé ni tàbí èso tàbí hóró. Àwọn àgbà pàápàá mọ̀ pé ó lè mú ilé ọmọ sún kì, àyẹ̀wò tí wọ́n sì ṣe lára ẹranko fi hàn pé àwọn èròjà kan nínú hóró rẹ̀ lè ba oyún jẹ́. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú náà kí ó yẹra fún mímu rẹ̀.

Hóró rẹ̀ tún ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní vicine, èyí tó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa fọ́ nínú ara àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú àìtó G6PD, èròjà inú ara tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀. Àìtó yìí wọ́pọ̀ láàárín wa, pàápàá láàárín àwọn ọmọkùnrin, ọ̀pọ̀ ló sì ní in tí wọn kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fara mọ́ kí a máa fi ejìnrìn fún ọmọ ọwọ́ mu, bó ti wù kí ó kéré tó. Bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n bí ìyeyè, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kì í ṣe ìdí ìtàkùn. Àwọn ọmọ tó ti ń rìn fẹ́ràn láti máa lá ohun pupa inú èso tó pọ́n nítorí pé ó dùn. Ẹ kọ́ wọn pé kí wọ́n má ṣe fọ́ hóró inú rẹ̀ jẹ, ó sì dára kí a tilẹ̀ já èso náà kí wọ́n tó rí i.

Ní ti ibà, n kò ní fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣeré. Ibà tó bá mú ọmọdé lè pa á láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, oògùn rẹ̀ sì wà. Kí wọ́n tẹ ìka rẹ̀ wò, kí ó lo oògùn tí wọ́n bá fún un. Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá yá, ẹ lè fi ejìnrìn wẹ̀ ẹ́.

Ibi tí ẹ ó gbìn ín sí

Oòrùn ni ejìnrìn ń fẹ́. Ibi tí oòrùn ti ń tàn fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán lóòjọ́ ni kí ẹ wá fún un, ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ máa gba omi dúró. Mo ti rí ejìnrìn tó hù lórí ilẹ̀ líle tó sì gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ kéré, ó sì tètè pọ́n. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ohun tó ti wà nínú ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe gbìn ín sí ẹ̀bá gọ́tà, sí ibi tí mẹkáníìkì ti ń da ọ́ìlì nù, sí ibi tí bátìrì ògbólógbòó ti jẹrà, tàbí sí etí títì tí èéfín ọkọ̀ ti ń bà lé e tọ̀sán-tòru, nítorí pé ewé tí a fẹ́ fi sí ara tàbí sí ẹnu kò gbọ́dọ̀ mu òjé láti inú ilẹ̀. Bí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yín kò bá dá yín lójú, ẹ fi àpò ìrẹsì gbìn ín. Àpò tó gba yẹ̀pẹ̀ tó garawa méjì tó fún ìtàkùn méjì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sì ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Omi tí ẹ ó fi bomi rin ín, kí ó jẹ́ omi kànga, omi ẹ̀rọ tàbí omi òjò. Gbogbo wa ní Òṣogbo ló mọ bí odò Ọ̀ṣun ti di pípọ́n láti ìgbà tí àwọn awakùsà ti ń wa góòlù lókè odò, ìjọba ìpínlẹ̀ pàápàá sì kìlọ̀ ní 2022 pé kí àwọn tó wá sí ọdún Ọ̀ṣun má ṣe mu omi náà. Ó ń dùn mí láti kọ ọ́, nítorí pé omi ìwòsàn ni a mọ odò yẹn sí, ṣùgbọ́n n kò ní fi bomi rin ohun tí màá fi wẹ ọmọ. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé igbó Ọ̀ṣun ni ibi tó mọ́ tí a lè lọ já ewé. Igbó náà ní òfin tirẹ̀, ó wà lára ibi àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO láti 2005, ohun tó bá sì hù níbẹ̀, ibẹ̀ ni kí ó wà.

Gbígbìn àti títọ́jú rẹ̀

Oṣù kẹrin, nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ni ìgbà tó dára jù láti gbìn ín ní agbègbè wa. Ẹni tó bá fẹ́ ewé títí di ọdún Kérésìmesì lè tún gbin òmíràn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Èèpo hóró ejìnrìn le, bí a bá sì kàn sọ ọ́ sílẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó hù, ó sì lè má hù. Ẹ mú ìgékànná, kí ẹ fi gé etí hóró náà díẹ̀ níbi tó ti fẹ̀, kí ẹ ṣọ́ra kí ó má kan funfun inú rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún odidi ọjọ́ kan. Èyí tó bá léfòó lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ kó o dànù. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó máa ń hù láàárín ọjọ́ 5 sí 10.

Ẹ ti gbọ́dọ̀ po ìgbẹ́ adìẹ mọ́ ilẹ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ìgbẹ́ tó ti jẹrà dáadáa, tí kì í rùn mọ́, nítorí pé tútù rẹ̀ yóò jó gbòǹgbò. Ẹ kọ ebè pẹlẹbẹ, kí ẹ ri hóró méjì méjì sínú ihò tó jìn tó 2 sẹ̀ǹtímítà, kí ihò kan sì fi ìdajì mítà jìnnà sí èkejì. Bí méjèèjì bá hù, ẹ fa èyí tó rẹlẹ̀ tu nígbà tí ó bá ní ewé mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ju poro kan lọ, kí àlàfo mítà kan ààbọ̀ wà láàárín wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tí ó bá di oṣù keje, ẹ kò ní rí ibi tí ẹ ó gbà wọlé.

Kí ó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, kí àtẹ̀gùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ọparun méjì tí a rì mọ́lẹ̀ dáadáa, tí gíga wọn tó mítà méjì, tí a fi okùn tàbí wáyà ta láàárín, ti tó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó máa fà nílẹ̀: ewé tó bá sùn sórí ilẹ̀ máa ń ní erùpẹ̀ lára, èso rẹ̀ máa ń rà, ìgbín sì máa ń jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé orí ìtàkùn kan sórí okùn, mo dúró tì í díẹ̀, mo sì padà wá wò ó kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀kan nínú àwọn ọwọ́ wẹ́wẹ́ rẹ̀ ti yí okùn náà po lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ yẹn, n kò fi okùn dè é mọ́. Ẹ ṣáà fi hàn án ibi tí yóò gbà.

Nígbà tí ìtàkùn náà bá ní ewé mẹ́wàá, ẹ já orí rẹ̀ sọnù. Yóò pẹ̀ka lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀ka wọ̀nyẹn ló sì ń mú ewé àti èso wá jù. Ẹ máa bomi rin ìdí rẹ̀, kì í ṣe orí ewé, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé ewé tó bá sùn pẹ̀lú omi lára máa ń tètè kó àrùn, yóò sì gbẹ láti etí wá. Bí ẹ bá rí irú ewé bẹ́ẹ̀, ẹ já a kí ẹ sun ún. Ewé tó bá ká kò, tí àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ra lára rẹ̀, àrùn tí kòkòrò kéékèèké ń gbé kiri ló mú un. Kò ní oògùn, gbogbo ìtàkùn náà ni kí ẹ fà tu.

Òdòdó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 5 sí 6 lẹ́yìn gbígbìn. Akọ ló máa ń kọ́kọ́ yọ, ẹ má sì jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù pé wọ́n ń rẹ̀ dànù láìso. Abo yóò yọ lẹ́yìn wọn, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n nípa èso kékeré gbágungbàgun tó wà lábẹ́ òdòdó rẹ̀ kí ó tó là rárá. Ọjọ́ kan péré ni òdòdó kọ̀ọ̀kan ń lò, àfẹ̀mọ́júmọ́ ló sì ń là. Oyin ló ń gbé àtíkè akọ lọ bá abo. Níbi tí oyin kò bá sí, bí àpẹẹrẹ láàárín ilé tó fún mọ́ra, ẹ já akọ òdòdó kan ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, kí ẹ fi àárín rẹ̀ kan àárín abo jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Akọ kan tó fún abo mẹ́ta.

Ọ̀tá èso rẹ̀ ni eṣinṣin tó ń gún un láti yé ẹyin sínú rẹ̀. Èso tí ó bá gún yóò wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdin yóò sì kún inú rẹ̀. N kì í fọ́n oògùn apakòkòrò sí i, nítorí pé gbogbo ìdí tí mo fi ń gbìn ín ni pé kí oògùn má kàn án. Bébà ìwé ìròyìn ni mo fi ń wé èso kọ̀ọ̀kan nígbà tí ó bá tó ìka ọmọdé, màá sì fi òwú so ó lórí. Èso tó bá ti bàjẹ́, ẹ má ṣe sọ ọ́ sílẹ̀ nítòsí; ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ sì fi sínú oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan. Ní ọdún kejì, ẹ má ṣe gbìn ín sí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ má sì ṣe gbin ẹ̀gúsí tàbí elégédé síbẹ̀, nítorí pé àrùn ẹbí kan náà ni wọ́n ń jọ ń pín.

Jíjá ewé àti pípèsè rẹ̀

Láti ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé. Àárọ̀ ló dára, nígbà tí ìrì bá ti gbẹ tí oòrùn kò sì tíì mú. Ẹ má ṣe já ju ìdá mẹ́ta ewé orí ìtàkùn kan lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan. Ewé tó ti tóbi ṣùgbọ́n tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ni kí ẹ mú. Ẹ ṣàn án nínú omi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Fún ìwẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ ewé méjì ni mo máa ń gbo sínú ìdajì garawa omi tó mọ́, màá sì fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ kan ẹ̀yìn ọrùn ọwọ́ ọmọ, kí ẹ dúró títí di ọjọ́ kejì. Bí ara ibẹ̀ kò bá pọ́n, ẹ lè wẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe fi sí egbò tó là, ẹ má sì jẹ́ kí ó kan ojú tàbí ẹnu ọmọ. Ìwẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ti tó. Bí ohun tó sú sí ọmọ lára kò bá lọ lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àgbo tí a gbo kì í di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú ewé, ẹ sá a sínú ilé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kì í ṣe sínú oòrùn, títí tí yóò fi máa rún wómúwómú lọ́wọ́. Ní àkókò ọyẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ti tó, ní àkókò òjò ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ sá a sára ìgò.

Ní ti ọṣẹ, ẹ gún ewé tútù kúnná, kí ẹ pò ó mọ́ ọṣẹ dúdú tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, kí ẹ sì lò ó tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó bu.

N kò ní kọ òṣùwọ̀n mímu sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mu ún, kí ó bá ẹni tó mọ oògùn tí òun ń lò sọ̀rọ̀, kí ó sì mọ iye ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn. Ohun tí mo lè sọ ni pé èso tútù rẹ̀ ṣeé jẹ fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, tí kò lóyún, tí kò sì lo oògùn àtọ̀gbẹ. Mo máa ń là á sí méjì, màá kó gbogbo hóró rẹ̀ kúrò, màá gé e wẹ́wẹ́, màá wọ́n iyọ̀ sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, màá sì fún omi kíkorò rẹ̀ dànù kí n tó fi àlùbọ́sà, ata àti ẹyin dín in. Kíkorò rẹ̀ kò tán, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ti ewúro tí a kò fọ̀ jù, ìyá mi sì fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú iṣu.

Pípa hóró mọ́

Ẹ fi èso mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ lórí ìtàkùn tó lera jù, kí ẹ sì já ìyókù, nítorí pé ejìnrìn tí a bá fi gbogbo èso rẹ̀ sílẹ̀ yóò gba ọgbà yín àti ti aládùúgbò yín lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ já èyí tí ẹ fi sílẹ̀ náà ní ọjọ́ tí ó bá di àwọ̀ ọsàn, kí ó tó là, kí ẹyẹ má baà ṣáájú yín. Ẹ gbé e sínú abọ́, yóò là fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ẹ fi omi bó ohun pupa ara rẹ̀ kúrò títí hóró náà kò fi ní máa yọ̀ lọ́wọ́ mọ́, kí ẹ sá a sínú ibòòji fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì kó o sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú eérú díẹ̀. Ìgò tèmi wà lórí pákó ilé ìdáná, jìnnà sí ààrò. Mo kọ ọdún sí i lára, ìbejì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ obìnrin tó pọn ọmọ lọ́jọ́ náà, ẹni tí àwa méjèèjì ti jọ ń pín hóró láti ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹrin, tí òjò bá ti rọ̀ débi tí ìka kan fi wọ ilẹ̀ láìfipá, a máa ń ṣí i.